Ọjọ́ tí mo sún tíkẹ́ẹ̀tì síwájú ni ọmọ mi di ọmọ àgbàtọ́

Ọmọ Owé
Okun o, gbogbo ilé. Ẹ jẹ́ n sọ tèmi. Leicester nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni mo wà nígbà yẹn, mò ń ṣe másítà, bàbá mi bá kú ní Kàbbà. Mo ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré ni màá lò, mo fi ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ̀gbọ́n tí mò ń wí yìí, ìyá ẹ̀ àti ìyá mi ni ọmọ ìyá, ilé wa ló gbé dàgbà, orí ẹní kan náà la jọ ń sùn, àìmọye ìgbà ló ti ya èmi àti ẹni tó ń nà mí.

Ẹ sì mọ bí ìsìnkú ṣe ń rí nílé wa. Wọ́n ní wọn ò tíì kun ilé, wọ́n ní ẹ jẹ́ ká dúró de èyí tó wà ní Àbújá, ọ̀rọ̀ màlúù dá ìjà sílẹ̀, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta di oṣù méjì. Mo bá sún tíkẹ́ẹ̀tì tí màá fi padà síwájú.

Tíṣà ọmọ mi ló kọ́kọ́ rí i pé ẹlòmíì ló ń wá mú un nílé ìwé, ó bi í, ọmọ ní màámi wà ní Kàbbà wọ́n ń sin bàbá àgbà. Ilé ìwé pe káńsù, ìjọba ìbílẹ̀ wọn. Sóṣà wọ́kà, òṣìṣẹ́ káńsù tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ ọmọdé, dé, ó bi ẹ̀gbọ́n mi pé kí lo jẹ́ sí ọmọ yìí. Ó ní ìyá ẹ̀ ni mí. Ìwọ lo bí i? Rárá, ẹ̀gbọ́n ìyá ẹ̀ ni mí. Ṣé ìyá kan náà ló bí yín àbí bàbá kan náà? Ó ní ìyá wa méjèèjì ló jẹ́ ọmọ ìyá. Obìnrin yẹn rọra dé bíìrò ẹ̀, ó ní "kọ́sìn nìyẹn."

Ibẹ̀ ni wàhálà wà. Lábẹ́ Children Act 1989 tiwọn níbẹ̀, ọmọ tí kò tíì pé ọdún 16 (18 tó bá jẹ́ abirùn), tó bá wà lọ́dọ̀ ẹni tí kì í ṣe òbí ẹ̀ tàbí ìbátan ẹ̀ fún ọjọ́ 28 tàbí jù bẹ́ẹ̀, àgbàtọ́ ni, private fostering ni wọ́n ń pè é. Ìbátan lójú òfin ni ìyá àgbà, bàbá àgbà, ẹ̀gbọ́n àti àbúrò ọmọ náà fúnra ẹ̀, àwọn ọmọ ìyá tàbí ọmọ bàbá òbí ẹ̀, ọkọ ìyá ẹ̀, ìyàwó bàbá ẹ̀. Kò sí kọ́sìn níbẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta mi ò tó ọjọ́ 28, kò sí ohun tó kan káńsù. Àmọ́ ọjọ́ tí mo sún tíkẹ́ẹ̀tì yẹn lọ̀rọ̀ yí padà, èmi ò tiẹ̀ mọ̀, inú kẹ̀kẹ́ Márúwá ni mo wà ní Kàbbà.

Àwọn káńsù wo bẹ́ẹ̀dì tí ọmọ mi ń sùn lé, wọ́n mú un lọ sí yàrá òun nìkan, wọ́n bi í bó ṣe ń rí. Ó ní ata àǹtí ti pọ̀ jù nínú ẹ̀wà.

Yàgbà Gidi
Hahaha, ata! Tèmi pa mí lẹ́rìn-ín. Bàbá kan náà ló bí èmi àti bùọ̀dá mi, ìyá wa kì í kí ara wọn, mo ti lé lógún ọdún kí n tó mọ̀ ọ́n lójú. Ọmọ ẹ̀ lo oṣù mẹ́rin lọ́dọ̀ mi ní Peckham. Wọ́n bi mí, mo ní ọmọ bàbá mi ni bàbá ẹ̀, wọ́n ní ó ti tó, kì í ṣe àgbàtọ́. Ẹ wò ó.

Bùnú ni mí
Ẹ̀yin ọmọ yìí. Lọ́dún 1979 bàbá mi mú mi lọ bá tíṣà kan ní Kàbbà, iṣu márùn-ún àti ẹran gbígbẹ ló gbé dání, ó ní "ọmọ yín nìyí." Ọdún mẹ́fà gbáko ni mo fi pọnmi. Tíṣà ò bá wa tan rárá. Àgbàtọ́ ni mí ni àbí ọmọ ọ̀dọ̀? Child's Rights Act ti ọdún 2003 ní Nàìjíríà níbí náà sọ̀rọ̀ àgbàtọ́ o, àmọ́ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló gbọ́dọ̀ sọ ọ́ di òfin tirẹ̀, tá a bá sì sọ ọ́ di òfin tán, ta ló ń bèèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni lábúlé? Ṣé kì í ṣe àṣejù làwọn òyìnbó yìí ń ṣe?

Ọmọ Owé
Bàbá, èmi náà sọ bẹ́ẹ̀, inú bí mi gan-an. Ìgbà tó yá ni mo rántí ọ̀rọ̀ Victoria Climbié, ọmọ Ivory Coast yẹn, ọmọ ọdún mẹ́jọ tó kú ní London lọ́dún 2000. Àǹtí bàbá ẹ̀ ló mú un kúrò nílé pé òun á fi í sílé ìwé, òun àti ọkùnrin tí wọ́n jọ ń gbé ló pa á. Àǹtí bàbá náà ò sí nínú àwọn tí òfin pè ní ìbátan. Ẹnu mi wọhò. Wọ́n ní ẹni tó bá mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé òun máa fi ọmọ sílẹ̀ báyìí gbọ́dọ̀ sọ fún káńsù, ó kéré tán ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ṣáájú. Ẹ má ṣe bíi tèmi.

Ẹ̀gbọ́n mi nìkan ni ò tíì gbà. Ìgbà tí mo padà dé, mo gbé gàrí àti ẹ̀gúsí dé ẹnu ọ̀nà ẹ̀. Ó gbà á, ó wò mí látòkè délẹ̀, ó ní "Ẹ káàbọ̀ o, ìyá ọmọ tí mi ò bá tan."