Fíìmù tí mo fowó mi rà, tí wọ́n gbà lọ́wọ́ mi

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin ènìyàn mi. Ọ̀rọ̀ fíìmù orí àwo àti fíìmù tí a ń dáúnlóòdù yìí, ojú mi ti rí nǹkan lórí rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi láti ìbẹ̀rẹ̀, bóyá ẹlòmíràn ò ní ṣe irú ohun tí mo ṣe.

Nígbà kan, àwo DVD tó wà nílé mi lé ní 150. Mo tò wọ́n sórí pẹpẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ tẹlifíṣọ̀n. Bí a bá tiẹ̀ pa gbogbo iná, mo lè na ọwọ́ mú èyí tí mo fẹ́ nínú òkùnkùn. Nígbà tí a fẹ́ kó lọ sí ilé tó kéré ju ti tẹ́lẹ̀, ìyàwó mi dúró níwájú pẹpẹ yẹn, ó ní, "Dádì wọn, ibo la fẹ́ kó gbogbo èyí sí?" Ọ̀rọ̀ rẹ̀ tọ̀nà. Mo rò ó pé fíìmù kan náà wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì: kò gba àyè, eruku ò lè bà lé e, ọmọdé ò lè fi ọwọ́ ọlọ́ràá kàn án. Mo pín àwọn àwo náà fún ẹni tó bá fẹ́. Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í ra àwọn tí mo fẹ́ràn jù nínú wọn padà, lọ́kọ̀ọ̀kan, lórí ayélujára. Owó kejì nìyẹn lórí ohun kan náà, n kò sì kà á sí nǹkan kan nígbà yẹn.

Ọdún mẹ́ta àkọ́kọ́ dùn, n kò ní purọ́. Èmi tí mo máa ń ṣí páálí fíìmù kan kí n bá àwo fíìmù mìíràn nínú rẹ̀, mo bọ́ lọ́wọ́ ìyẹn. Mo lè bẹ̀rẹ̀ fíìmù ní pálọ̀, kí n sì parí rẹ̀ lórí fóònù nínú yàrá láìjí ẹnikẹ́ni.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún ọmọbìnrin mi àbígbẹ̀yìn. Ó ní láti sinmi nílé fún ọ̀sẹ̀ méjì. Fíìmù ọmọdé kan wà tó ti ń wò láti kékeré, ó mọ ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn tó wà nínú rẹ̀ lórí. Ó ní ìyẹn ni òun fẹ́ wò. Mo ṣí àkáǹtì mi. Àwòrán fíìmù náà wà níbẹ̀, àmọ́ ó ti ṣe ràkọ̀ràkọ̀ bí aṣọ tó ṣá, wọ́n sì kọ ọ̀rọ̀ kékeré kan sábẹ́ rẹ̀ pé kò sí mọ́. Mo jáde, mo tún wọlé. Mo pa ẹ̀rọ, mo tún un tàn. Ọ̀rọ̀ kan náà ni.

Mo kọ̀wé sí àwọn tí mo rà á lọ́wọ́ wọn. Ọjọ́ kejì ni wọ́n tó fèsì: ẹni tó ni fíìmù náà ti gba àṣẹ rẹ̀ kúrò lọ́wọ́ àwọn, ó sì wà nínú àdéhùn tí mo fara mọ́ pé irú rẹ̀ lè ṣẹlẹ̀. Mo lọ ka àdéhùn náà, ọ̀rọ̀ rẹpẹtẹ tí a kì í kà. Òótọ́ ni, ó wà níbẹ̀. Àṣẹ láti máa wo fíìmù ni mo san owó fún, kì í ṣe fíìmù fúnra rẹ̀. Bẹ́ẹ̀, "Rà" ni wọ́n kọ sára bọ́tìnnì tí mo tẹ̀.

Ọmọ náà bi mí pé, "Dádì, ṣebí ẹ ti rà á?" N kò mọ ohun tí mo lè sọ fún un.

Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń kà nípa ọ̀rọ̀ yìí, mo sì rí i pé kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lórí mi. Ẹ ó rántí UltraViolet, ètò tí a fi ń tọ́jú fíìmù tí a rà sórí íntánẹ́ẹ̀tì, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 2011, tí àwọn ilé iṣẹ́ fíìmù ńláńlá fọwọ́ sí. Ẹni tó bá ra àwo máa ń bá kóòdù kan nínú páálí tí yóò fi gba ti orí íntánẹ́ẹ̀tì. Ní ọjọ́ 31 oṣù Keje 2019, wọ́n tì í pa. Wọ́n ti ní kí àwọn ènìyàn so àkáǹtì wọn mọ́ ilé ìtajà fíìmù orí íntánẹ́ẹ̀tì kó tó di ọjọ́ náà, kí fíìmù wọn má baà sọnù. Ẹni tí ìkìlọ̀ yẹn kò bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ńkọ́? Ní ìpínlẹ̀ California ní Amẹ́ríkà, òfin kan ti wà láti ìbẹ̀rẹ̀ 2025 pé olùtajà kò gbọdọ̀ pe irú ọjà báyìí ní "rà" láìsọ ọ́ kedere fún oníbàárà pé àṣẹ lásán ló ń gbà. Ibi tó wọ̀ mí lọ́kàn jù nínú òfin náà ni pé kò kan olùtajà tó bá jẹ́ kí o dáúnlóòdù ohun tí o rà pátápátá, tí kò sì lè gbà á padà lọ́wọ́ rẹ mọ́. Ìyàtọ̀ tí mo ti ń wá ọ̀rọ̀ tí mo lè fi sọ ọ́ gan-an nìyẹn.

Mo wá àwo fíìmù yẹn kiri títí mo fi rí àlòkù rẹ̀. Páálí rẹ̀ ti sán létí. Mo yọ àwo náà, mo gbé e sábẹ́ iná tábìlì, mo ń yí i díẹ̀díẹ̀. Àwọ̀ òṣùmàrè ń sáré lójú rẹ̀, mo sì rí ibi tí nǹkan ti ha á: ìlà gígùn kan láti ihò àárín lọ sí etí, àti àwọn kéékèèké tó yí po bí irun. Ìlà gígùn yẹn ò bà mí lẹ́rù. Yíyípo ni iná léésà ń ka àwo, kíá ló máa ń ré irú ìlà bẹ́ẹ̀ kọjá. Èyí tó bá yí po tẹ̀lé ọ̀nà léésà ló ń ba ọ̀rọ̀ púpọ̀ jẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Ìdí nìyẹn tí a fi ń nu àwo láti àárín lọ sí etí pẹ̀lú aṣọ tó rọ̀, tí a kì í nù ún yípo bí ẹni ń fọ abọ́. Mo nù ún bẹ́ẹ̀, mo tì í wọ inú ẹ̀rọ. Ó há lẹ́ẹ̀kan, ojú ẹni tó ń sọ̀rọ̀ pín sí onígun mẹ́rin kéékèèké, gbogbo wa di ẹnu. Lẹ́yìn náà ó tẹ̀síwájú, ọmọ mi sì ń sọ ọ̀rọ̀ wọn tẹ̀lé wọn lórí àga.

Nǹkan mìíràn tí mo tún ṣàkíyèsí: àwòrán àti ohùn. Àwo Blu-ray lásán, èyí tó ń gba nǹkan ju DVD lọ, máa ń gba 25 tàbí 50 GB. Ti 4K, èyí tí àwòrán rẹ̀ mọ́ jù ú lọ, lè gbà tó 100 GB, àwòrán àti ohùn sì lè máa jáde lára rẹ̀ tó 128 mégábíìtì láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Netflix ní kí ẹni tó fẹ́ wo 4K lọ́dọ̀ àwọn ní íntánẹ́ẹ̀tì tó yára tó mégábíìtì 15 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Níbi tí ilẹ̀ bá ti ṣú nínú fíìmù, tàbí tí èéfín bá bo ojú ọ̀run, ẹ wò ó dáadáa: ti íntánẹ́ẹ̀tì á máa pín sí àpá àpá bí omi tó gbẹ lára aṣọ, ti orí àwo á mọ́ kanlẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tí irú rẹ̀ bá ti ṣẹlẹ̀ sí náà, kó sọ tirẹ̀.

* * *

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ìnira, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Mo gbà pẹ̀lú yín, àmọ́ àwo náà ti já èmi kulẹ̀, ìyẹn sì dùn mí ju fíìmù èyíkéyìí lọ.

Nígbà tí a ṣe ìgbéyàwó, ẹni tó yà wá sí fídíò kó o sórí DVD méjì fún wa. Mo fi wọ́n sínú àpò ike kan, mo gbé e sórí fèrèsé, ibi tí oòrùn ń wọlé ní gbogbo òwúrọ̀. N kò rò ó sí nǹkan kan. Ọdún mẹ́sàn-án lẹ́yìn náà ni ìyá mi kú. Mo fẹ́ gbọ́ ohùn wọn, nítorí pé wọ́n gbàdúrà fún wa nínú fídíò yẹn. Mo fi àkọ́kọ́ sínú ẹ̀rọ, ó ń yí, ó ń yí, ó ní kò sí àwo níbẹ̀. Mo fi èkejì sí i, ohun kan náà. Kò sí ojú ibì kan tó ha lára wọn o, ojú wọn ń dán.

Ẹnìkan tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ló là mí lóye. Àwo tí ilé iṣẹ́ fíìmù ṣe, títẹ̀ ni wọ́n ń tẹ kòtò kéékèèké sínú rẹ̀. Èyí tí a fi kọ̀ǹpútà kọ nílé, aró ló wà nínú rẹ̀ tí léésà ń jó. Oòrùn àti ooru máa ń pa aró náà, kódà bí ẹnikẹ́ni ò bá fọwọ́ kàn án. Ó gbìyànjú pẹ̀lú oríṣi ẹ̀rọ mẹ́ta, ó rí ìṣẹ́jú mọ́kànlá yọ nínú wákàtí méjì. Àdúrà ìyá mi ò sí nínú ìṣẹ́jú mọ́kànlá náà.

Ẹ̀gbọ́n, ohun tí ẹ sọ nípa kí nǹkan wà lọ́wọ́ ẹni, òótọ́ ni. Àmọ́ ohun tó bá wà níbì kan ṣoṣo, ẹ máa kà á sí ohun tó ti ń lọ. Ní báyìí, gbogbo fídíò ilé wa wà lórí háàdì méjì, ọ̀kan sì wà lọ́dọ̀ àbúrò mi, kì í ṣe abẹ́ òrùlé kan náà. Ní oṣù mẹ́fà mẹ́fà mo máa ń so méjèèjì mọ́ kọ̀ǹpútà, mo ń ṣí fáìlì díẹ̀ wò. Háàdì náà ń kú, ó sì lè má sọ tẹ́lẹ̀.

* * *

Tèmi kéré. Mo dáúnlóòdù fíìmù márùn-ún sínú ápù kan lórí fóònù nítorí ìrìn àjò gígùn nínú ọkọ̀ òfuurufú. Nígbà tí a dé òkè, ápù náà ní kí n kọ́kọ́ so fóònù mọ́ íntánẹ́ẹ̀tì kó lè mọ̀ bóyá mo ṣì ní ẹ̀tọ́ láti wò wọ́n. Wákàtí mẹ́sàn-án ni mo fi wo ẹ̀yìn àga ẹni tó wà níwájú mi. Dáúnlóòdù inú ápù kì í ṣe ohun kan náà pẹ̀lú fáìlì tí o lè gbé lọ síbi tó wù ọ́. Ẹ má pa méjèèjì pọ̀.

* * *

Ẹ ṣé gan-an. Ẹni tó bá wá ń da fáìlì tirẹ̀ sórí fláàṣì kó lè wò ó lórí tẹlifíṣọ̀n, ẹ ṣọ́ra fún nǹkan kan tó gba gbogbo ìrọ̀lẹ́ lọ́wọ́ mi. Fíìmù mi jẹ́ 6 GB, fláàṣì mi jẹ́ 32 GB, kò sí nǹkan kan lórí rẹ̀, síbẹ̀ kọ̀ǹpútà ní fáìlì náà ti tóbi jù. Mo rò pé fláàṣì ti bàjẹ́, mo lọ ra òmíràn, ọ̀rọ̀ kan náà. Àṣé FAT32, ọ̀kan lára ọ̀nà tí a ń gbà to àyè inú fláàṣì, ni wọ́n fi tò ó, FAT32 kì í sì í gba fáìlì kan ṣoṣo tó bá tó 4 GB. Mo tún un tò sí exFAT, ọ̀nà mìíràn tó ń gba fáìlì ńlá, ó wọlé. Ẹ kọ́kọ́ kó ohun tó wà lórí rẹ̀ kúrò o, torí títò yẹn á pa gbogbo rẹ̀ rẹ́.

* * *

Èmi ni mo bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ náà, mo tún padà wá.

Àbúrò mi tó sọ̀rọ̀ ìyá rẹ̀, mo ka tìrẹ lẹ́ẹ̀mejì. Kí Ọlọ́run tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere. Ọ̀rọ̀ rẹ ló jẹ́ kí n dìde lálẹ́ àná. Mo kó gbogbo àwo tí mo fọwọ́ ara mi kọ jáde nínú dúrọ́ọ̀, mo ka mẹ́tàlélógún. Mo gbìyànjú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Mọ́kàndínlógún ṣí. Mẹ́ta ń há. Ọ̀kan ò ṣí rárá, ọjọ́ ìsọmọlórúkọ àkọ́bí mi ni mo sì kọ sára rẹ̀.

Mo ti ń da àwọn tó ṣí sórí háàdì láti àárọ̀ yìí. Ọmọbìnrin mi ló ń bá mi kọ orúkọ wọn sára ìwé kan bí ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe ń parí. A ti dé orí ìkẹjọ.