Ọwọ́ tí kì í tètè jí láàárọ̀

Ẹ̀yin ará mi, ẹ kú ojúmọ́. Télọ̀ ni mí n'Íbàdàn. Àlùmọ́gàjí ló tú àṣírí àìsàn oríkèé tí wọ́n ń pè ní rheumatoid arthritis fún mi. Lọ́dún 2019, bí aago méje tí mo máa ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ bá lù, ìka mi ò ní lè wọ ihò àlùmọ́gàjí. Ọwọ́ méjèèjì á le gbagidi; n ò lè fún tówẹ́ẹ̀lì, n ò lè ró ìró. Tó bá fi máa di ọ̀sán, á ti rọ̀. Ìdí nìyẹn tí wọn ò fi gbà mí gbọ́ nílé.

Wọ́n ní ibà ni, wọ́n tún ní táífọ́ọ̀dù ni. Mo gba abẹ́rẹ́, mo mu àgbo. Ìyá ọkọ mi ní kí n fi ẹ̀rọ sílẹ̀ kí n sinmi. Mo sinmi ọ̀sẹ̀ méjì, ńṣe ló ń le sí i. Oríkèé ìdí ìka wú, tọ̀tún tòsì bákan náà, ó ń gbóná, òrùka ìgbéyàwó mi ò bọ́ mọ́. Àárẹ̀ ibẹ̀ ò ṣe é fẹnu sọ.

Ọdún méjì kọjá kí dókítà kan tó bi mí pé: “Tẹ́ ẹ bá jí, báwo ló ṣe ń pẹ́ tó kí ọwọ́ yín tó rọ̀?” Mo ní ó máa ń ju wákàtí kan lọ. Ó ní làkúrègbé ọjọ́ orí kì í sábà ju ìdajì wákàtí lọ láàárọ̀. Ó tẹ oríkèé mi lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ní kí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ mi. Rheumatoid arthritis ni: ọmọ ogun tí ara fi ń lé àìsàn ló yíjú sí oríkèé mi. Ogójì ọdún ni mí nígbà náà. Oògùn tó ń jẹ́ methotrexate ni mò ń lò, ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ o, kì í ṣe ojoojúmọ́. Ọwọ́ ti ń jí. Ṣùgbọ́n ìka méjì ti wọ́, oògùn ò lè nà wọ́n mọ́, ìyẹn ló ń dùn mí jù.

*

Ẹ kú àfaradà, ìyá mi. Mo ka ìtàn yín, àìsàn yìí ń ṣe èmi náà. Awakọ̀ ni mí, ẹsẹ̀ ni tèmi ti bẹ̀rẹ̀. Bí mo bá sọ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, bí ẹni ń tẹ òkúta wẹ́wẹ́. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ àkọ́kọ́ ò rí nǹkan kan, wọ́n ní kí n máa lọ sílé. Dókítà kejì ló ní ẹ̀jẹ̀ lè mọ́, kí àìsàn náà ṣì wà níbẹ̀. Ẹsẹ̀ méjèèjì tó wú ló fi dá a mọ̀.