Wọ́n pe orúkọ mi lẹ́nu géètì, màámi ńkọ́?

Ọmọ Ìkọ̀lé, London: Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, ẹ kú àsìkò yìí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, èmi àti màámi ń bọ̀ láti Èkó lẹ́yìn ìsìnkú kan nílé. A jókòó lẹ́nu géètì tí wọ́n ti ń wọ bààlúù ni wọ́n bá pe orúkọ mi, wọ́n gba boarding pass (ìwé tí a fi ń wọ bààlúù) ọwọ́ mi, wọ́n fún mi ní ti bísínẹ́ẹ̀sì, àga iwájú tó wọ́n. Iṣẹ́ ló ń gbé mi rìn, póìǹtì oníbàárà mi pọ̀ lọ́dọ̀ ilé iṣẹ́ bààlúù náà. Mo ní kí wọ́n fún màámi, torí eékún ń dùn wọ́n. Ọmọbìnrin náà ní kò ṣeé ṣe, ni mo bá gbà á bẹ́ẹ̀. Àfi bí bàbá kan ṣe gbé ohùn sókè lẹ́yìn wa pé òun lòún dàgbà jù níbẹ̀. Ohùn Èkìtì pọ́ńbélé! Ojú tì mí. Kí ni ǹ bá ti ṣe?

Ọmọ Ìjerò, Houston: Àbúrò, pẹ̀lẹ́. Bàbá yẹn rò pé ìdí ẹran ìgbẹ́ lòún wà ni, níbi tí àgbà ti ń kọ́kọ́ mú. Wọn kì í bi èèyàn lọ́jọ́ orí lẹ́nu géètì. Kọ̀ǹpútà ti to orúkọ sílẹ̀. Lọ́dọ̀ ọ̀pọ̀ nínú wọn, ẹni tí ìpele káàdì oníbàárà rẹ̀ ga jù ló ṣíwájú. Bó bá dọ́gba, wọ́n á wo irú tíkẹ́ẹ̀tì tí kálukú rà, àti ẹni tó tètè béèrè. Nígbà mìíràn sì rèé, wọ́n ti ta tíkẹ́ẹ̀tì ìkọ́nọ́mì (àga ẹ̀yìn) ju iye àga lọ, wọ́n wá ń wá ẹni tí wọ́n máa sún síwájú. Ẹni tó ń dá rìn ló rọrùn fún wọn láti mú.

Ti màmá: kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í pe orúkọ ni kó o ti lọ bá wọn. Sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, pé ẹ jọ wà lórí tíkẹ́ẹ̀tì kan, pé bó bá kàn ọ́, kí wọ́n fi màmá sípò rẹ. Wọ́n lè gbà, wọ́n lè kọ̀. Ṣùgbọ́n má lọ pààrọ̀ àga nínú bààlúù láìsọ fún àwọn òṣìṣẹ́ o. Orúkọ ẹni tó wà lórí àga kọ̀ọ̀kan ń bẹ lọ́wọ́ wọn.

Ọmọ Ẹ̀fọ̀n, Dublin: Ẹ̀gbọ́n Ìjerò, ẹ má bínú, èmi ò lè fi ìyá mi sẹ́yìn. Nígbà tó ṣe mí, mo dá boarding pass wọn padà, mo ní kí wọ́n fún ẹni tó kàn. Wákàtí mélòó náà ni? Mo jókòó ti ìyá mi, a jọ jẹ ẹ̀pà yíyan.

Ọmọ Ìkẹ́rẹ́, Frankfurt: Ti owó ló ká mi lára jù. Òfin ilẹ̀ Yúróòpù kan wà, nọ́ńbà rẹ̀ ni 261/2004. Bí wọ́n bá fúnra wọn sún ọ síwájú, wọn ò gbọdọ̀ gba kọ́bọ̀ lé e. Bí wọ́n bá dá ọ padà sẹ́yìn lẹ́yìn tó o ti san owó bísínẹ́ẹ̀sì, tí ìrìn náà sì ju kìlómítà 3,500 lọ (Èkó sí ọ̀dọ̀ wa jù bẹ́ẹ̀), ìdá 75 nínú 100 owó tíkẹ́ẹ̀tì ìrìn yẹn ni wọ́n máa dá padà láàárín ọjọ́ 7. Bó o bá gbéra láti Yúróòpù, ọkọ̀ ẹnikẹ́ni ni òfin náà mú. Bó bá jẹ́ láti Èkó lo ti ń bọ̀ síbẹ̀, ọkọ̀ ilé iṣẹ́ Yúróòpù nìkan. Ìlú Ọba kò ju irú òfin yìí nù nígbà tí wọ́n kúrò nínú ẹgbẹ́ ilẹ̀ Yúróòpù.

Wọ́n dá bàbá mi padà sẹ́yìn bẹ́ẹ̀ rí. Wọ́n na ìwé kan sí wọn pé wọ́n lè fi ra tíkẹ́ẹ̀tì mìíràn, kí wọ́n fọwọ́ sí i. Mo pariwo lórí fóònù: "Bàbá, ẹ má fọwọ́ sí nǹkan kan!" Bí èèyàn ò bá fọwọ́ sí i, owó gidi ni wọ́n gbọ́dọ̀ san. Wọ́n san án, lẹ́yìn lẹ́tà mẹ́ta.

Ọmọ Ìkọ̀lé, London: Ẹ ṣeun gan-an. Màámi ní kí n má da ara mi láàmú, pé ìyá kan láti Ọ̀tùn ló jókòó tì wọ́n, wọ́n sì jọ sọ̀rọ̀ dé London. Èmi tí mo wà níwájú ni mi ò rí oorun sùn.