Ẹ gbà mí o: báwo ni mo ṣe máa ṣàlàyé iyùn inú òkun fún àwọn ọmọ Ọ̀ffà?

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ o. Olùkọ́ ni mí ní Ọ̀ffà, ọmọ ọdún 8 sí 10 ni mò ń kọ́. Lọ́jọ́ Ẹtì mo sọ fún wọn pé ẹranko ló ń ṣe iyùn, wọ́n ní irọ́ ni. Wọn ò jẹ̀bi. Lántànà, ìlẹ̀kẹ̀ pupa tí wọ́n ń gbẹ́ ní Ìlọrin láyé àtijọ́, òkúta ni lóòótọ́, kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tó tíì rí òkun.

Mo ní ọ̀pọ̀ iyùn máa ń tú ẹyin àti àtọ̀ sínú omi lóru, lẹ́yìn tí òṣùpá bá ti kún. Ọmọ rẹ̀ á léfòó kiri títí á fi rí àpáta, á lẹ̀ mọ́ ọn, kò tún ní kúrò níbẹ̀ mọ́. Á kọ́ ilé sára bí ìgbín ṣe ń ṣe ìkarahun, á wá máa yọ ọmọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bí ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ti ọ̀gẹ̀dẹ̀ yẹn yé wọn kíá!

Ìgbà tí mo dé orí ìlú iyùn fúnra rẹ̀, ìyẹn àpáta ńlá tí ọ̀pọ̀lọpọ̀ iyùn jọ kọ́ sínú òkun, ni ọ̀rọ̀ náà sú wọn. Kò tó ìdá kan nínú 100 ilẹ̀ òkun, síbẹ̀ nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin irú ẹ̀dá inú òkun ló gbára lé e, ó sì ń dá ìgbì dúró kó má ba etíkun jẹ́. Bí omi bá gbóná jù, á funfun, ó sì lè kú.

Ẹ jọ̀ọ́, kí ni mo lè fi wé e nílùú tiwa? Ẹ̀yin ará Ìlàjẹ àti Àgbádárìgì, kí lẹ̀ ń pè é?