"Ìyàgò" ló bá nice mu, kì í ṣe "ipò gíga"

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ o. Àbá méjì ló wà nílẹ̀ fún ìtumọ̀ Yorùbá iye tí Linux, ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà, ń pè ní nice, ìyẹn nọ́ńbà tó ń sọ bí iṣẹ́ kan (ètò tó ń lọ lọ́wọ́ lórí kọ̀ǹpútà) ṣe máa fi àyè sílẹ̀ fún òmíràn: "ipò gíga" àti "inúure". Mi ò fara mọ́ ìkankan.

Láti -20 dé 19 ni iye yìí, 0 sì ni iṣẹ́ sábà máa ń bá bẹ̀rẹ̀. Bí nọ́ńbà bá ṣe ń tóbi sí i ni iṣẹ́ náà ń fi àyè sílẹ̀ fún àwọn yòókù. Ẹni tó bá gbọ́ "ipò gíga" á lọ fi 19 sórí iṣẹ́ tó ń kánjú, á wá máa ṣe kàyéfì pé kí ló dé tó ń wọ́. "Inúure" sàn díẹ̀, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí inúure rẹ̀ jẹ́ -5 ńkọ́? Òǹrorò ni àbí kí ni?

Ìyàgò ni tèmi. Ní Lafenwa lọ́jọ́ ọjà, alábàárù á máa ké pé "ẹ yàgò o!" Ẹni tó yà fún un kò kúrò lọ́jà, ó kàn jẹ́ kó kọjá ná. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni iṣẹ́ tó wà ní ìyàgò 19 ṣe ń lọ, díẹ̀díẹ̀. Alábàárù fúnra rẹ̀ ni -20. Bí ojú ọ̀nà bá sì dá páropáro, ta lèèyàn fẹ́ yà fún? Ìdí nìyẹn tí ìyàgò kì í fi í hàn nígbà tí ọpọlọ kọ̀ǹpútà kò bá níṣẹ́ púpọ̀. Ṣùgbọ́n bí iṣẹ́ méjì bá ń du ọpọlọ kan ṣoṣo, ìwọ̀n tí Linux fi ń pín àsìkò ọpọlọ náà fún wọn ló ṣe kókó. Ti ìyàgò 0 jẹ́ 1024, ti 10 jẹ́ 110: ẹni àkọ́kọ́ á gba nǹkan bí 90 nínú 100. Ìwọ̀n ti 19 kò ju 15 lọ.

Ẹnìkan bèèrè nípa PR, nọ́ńbà ipò iṣẹ́ tó máa ń hàn nínú top, àṣẹ tó ń to àwọn iṣẹ́ tó ń lọ lọ́wọ́. Fún iṣẹ́ lásán, 20 la fi kún ìyàgò kó tó di PR, nọ́ńbà kékeré ló sì ń ṣíwájú bíi ti orí ìlà. "Ipò" lásán tó fún un.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le ni renice, àṣẹ tó ń yí iye nice iṣẹ́ tó ti ń lọ padà; àṣẹ nice ní tirẹ̀ ló ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tuntun. "Yíyí ìyàgò padà" dára, àmọ́ ẹ má fi ọ̀rọ̀-ìṣe kan náà túmọ̀ -n inú àṣẹ méjèèjì. `nice -n 5` ń fi 5 KÚN iye tó wà nílẹ̀. Àmọ́ `renice -n 5 -p 4312` lórí Linux ń fi iṣẹ́ tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 4312 SÍ 5 gan-an. Ìwé ìlò tó bá pe méjèèjì ní "fi kún" ti ṣi èèyàn lọ́nà. Kí ìwé ìlò tún sọ pé oníṣẹ́ lásán lè gbé ìyàgò iṣẹ́ rẹ̀ láti 0 sí 10, àmọ́ bó bá fẹ́ dá a padà sí 0, àfi sudo, ìyẹn àṣẹ tó ń fúnni ní agbára alábòójútó. Àwọn ọmọ tí iṣẹ́ náà ti bí (àwọn iṣẹ́ mìíràn tó bẹ̀rẹ̀ láti inú rẹ̀) kó tó di pé a yí i padà kì í bá a yí. Àwọn tó bá bí lẹ́yìn náà ló ń jogún iye tuntun.

Ẹni tó ń fi ffmpeg, ètò tó ń ṣe àtúnṣe fídíò, ṣe fídíò òde lórí kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń tẹ̀wé fún oníbàárà, `nice -n 15` láti ìbẹ̀rẹ̀ ló máa tù ú lára jù. Bó bá jẹ́ disk ló ń wọ́, `ionice -c3` ni kó lò. Ìyàgò disk nìyẹn.

Ó ku scheduler, apá Linux tó ń pinnu iṣẹ́ tó máa lo ọpọlọ kọ̀ǹpútà àti ìgbà tó máa lò ó. "Apínṣẹ́" ni a ti ń lò, àmọ́ àsìkò ló ń pín, kì í ṣe iṣẹ́. Mo dìbò fún "apínsìkò".