Lórí "àtìlẹ́yìn fún ológun": ó ku díẹ̀ káàtó

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ọ̀rẹ́, ẹ kú àjọsọ o.

Ẹ̀gbọ́n wa tó ń ka ìròyìn lórí rédíò níbí ní Ìlọrin ló da ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀. Wọ́n kó ìwé lé wọn lọ́wọ́ pé kí wọ́n rọ aráàlú láti ṣe ohun tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní "support our troops", torí àyájọ́ ìrántí àwọn ọmọ ogun tó ń bọ̀ ní ọjọ́ 15 oṣù kìíní. Wọ́n ní kí á bá wọn wá ohun tí ìyá ẹlẹ́lùbọ́ ní Ìpàtà máa gbọ́ tó máa yé e. Ẹni àkọ́kọ́ ní "àtìlẹ́yìn fún ológun". Ẹnì kejì ní "ìgbárùkù ti ológun". Bàbá wa láti Ọ̀mù-Àrán wá ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ tuntun, "àtìlógun", wọ́n ní ó kúrú, ó sì ṣe é kọ gàdàgbà sójú ìwé ìròyìn.

Bàbá, ẹ má bínú. "Àtìlógun" dùn létí, àmọ́ ẹni tó bá gbọ́ ọ láìrí i lójú ìwé, "tì í sógun" ló máa wá sí i lọ́kàn. Kì í sì í ṣe ẹ̀bi yín, inú "tì" fúnra rẹ̀ ló wà. À ń ti ògiri kó má wó, à sì ń ti èèyàn kó ṣubú. Ẹni tó dúró sẹ́yìn rẹ tó ń tì ọ́, o ò lè mọ èwo ló ń ṣe àfi tó o bá bojú wẹ̀yìn. "Ìgbárùkù tì" ní tiẹ̀, àwọn olóṣèlú ti lò ó gbó. Ẹni tó bá gbọ́ ọ á máa retí ìrẹsì àti ankara.

Ṣùgbọ́n "ológun" ló dùn mí jù. Ní Nàìjíríà, ológun kì í ṣe ẹni tó ń jagun nìkan, ẹni tó ń gbàjọba ni pẹ̀lú. Láti 1966 dé 1979, àti láti ìparí 1983 dé 1999, bí a bá yọ oṣù díẹ̀ kúrò nínú 1993, "ìjọba ológun" la wà lábẹ́ rẹ̀. Ẹ sọ ọ́ ní Ọjà Ọba pé kí aráàlú ti ológun lẹ́yìn, kí ẹ wá wo bí àwọn àgbàlagbà ṣe máa bèèrè pé ṣé wọ́n tún ti gbà á ni. Tìlú wa tiẹ̀ tún lágbára, torí ọmọ Ìlọrin ni Túndé Ìdíàgbọn, igbákejì Buhari, tó fi ètò WAI (War Against Indiscipline, ìyẹn ogun lòdì sí ìwà àìlétò) ní 1984 kó gbogbo Nàìjíríà sórí ìlà. Àwọn tó ṣì ń wá irú rẹ̀ pọ̀ nílùú yìí títí dòní. Àwọn gan-an ni "alátìlẹ́yìn ológun" lẹ́nu aráalé mi, kì í ṣe ẹni tó ń ṣàánú kọ́púrà tó dé láti Borno.

Ọjọ́ tí wọ́n mú pàápàá ò jẹ́ kó rọrùn. Ọjọ́ 11 oṣù kọkànlá la máa ń ṣe ìrántí náà tẹ́lẹ̀, nítorí ogun àgbáyé àkọ́kọ́ tó parí ní 1918. Nígbà tó yá ni wọ́n gbé e wá sí ọjọ́ 15 oṣù kìíní, torí ọjọ́ náà ní 1970 ni ogun abẹ́lé wa parí. Ṣùgbọ́n ọjọ́ yìí kan náà ní 1966 ni àwọn ọ̀gágun kéékèèké kọ́kọ́ dìtẹ̀ láti gbàjọba, tí wọ́n pa Akíntọ́lá ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, tí wọ́n sì pa ọ̀gá tiwọn náà, Adémúlẹ́gun. Ológun ló pa ológun lọ́jọ́ yẹn. Nítorí náà, ẹ̀gbọ́n, "ọmọ ogun" ni kí ẹ kà, tàbí "sójà". Kò sí ìtìjú kankan nínú "sójà", ẹnu gbogbo wa ló wà.

Ẹ jẹ́ ká padà sí "lẹ́yìn". Ẹnìkan nínú yín kọ ọ́ pé ọ̀rọ̀ Yorùbá ògidì ni àtìlẹ́yìn, pé bí àwọn baba wa ṣe ń ṣe sí jagunjagun nìyẹn. Ní Ìlọrin kọ́! Balógun mẹ́rin ló wà níbí, Gàmbàrí, Fúlàní, Ajíkòbì àti Alánamú, oníkálukú pẹ̀lú àdúgbò tirẹ̀. Ìlú tí wọ́n ń kì pé ẹṣin ni eégún ilé wọn, ọ̀kọ̀ ni orò ibẹ̀, kò ya ọmọ ogun sọ́tọ̀ kúrò lára aráàlú. Ẹni tó wà lẹ́yìn Balógun, ojú ogun ló ń bá a lọ. Ọfà tó bá Balógun lè bá òun náà. Ìgbà tí òyìnbó dá sójà olówó oṣù sílẹ̀, tó kọ́ bárékè fún un, ni èèyàn tó lè jókòó sílé kó ní òun wà lẹ́yìn sójà. Bárékè Sóbí nìyẹn, títì kan ló wà láàárín wa, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ wa ò wọ ibẹ̀ rí.

Àwọn ará Amẹ́ríkà tí gbólóhùn "support our troops" ti wá, òun gan-an ló dá ìjà sílẹ̀ láàárín wọn. Ní 1991, nígbà ogun tí wọ́n bá Ìráàkì jà lórí Kuwait, wọ́n so rìbọ́ọ̀nù aláwọ̀ ìyeyè mọ́ igi àti mọ́ ilẹ̀kùn káàkiri láti fi hàn pé àwọn wà lẹ́yìn sójà. Nígbà tí wọ́n tún padà sí Ìráàkì ní 2003, wọ́n ń sọ fún ẹni tó bá ní ogun náà ò tọ́ pé kò fẹ́ràn àwọn sójà. Òun náà á dáhùn pé ẹni tó bá fẹ́ràn wọn, kó dá wọn padà sílé. Ọ̀rọ̀ kan náà ni ẹgbẹ́ méjèèjì dì mú. Ní 2007 ni ìwé ìròyìn wá tú u síta pé inú ilé tí èébu ọ̀rinrin ti bo ògiri rẹ̀ ni àwọn kan lára àwọn tó fara gbọgbẹ́ ń gbé ní Walter Reed, ilé ìwòsàn ńlá àwọn ọmọ ogun wọn ní Washington. Rìbọ́ọ̀nù ṣì wà lẹ́yìn mọ́tò nígbà náà o.

Yorùbá ò ní irú wàhálà yìí bí a ò bá fọwọ́ ara wa fà á. A ní "gbè lẹ́yìn": ẹni tó gbè ọ́ lẹ́yìn ti dá ẹjọ́, ó ní ìwọ lo jàre. A ní "tì lẹ́yìn", tí mo ti sọ. A sì ní "dúró tì". Ìyá lè dúró ti ọmọ rẹ̀ ní kóòtù láti àárọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú láìsọ lẹ́ẹ̀kan pé ọmọ náà ò jẹ̀bi. Mo fara mọ́ "dúró tì". Ní ìlú kékeré kan tí wọ́n ń pè ní Wootton Bassett, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láàárín 2007 àti 2011, aráàlú ń jáde dúró sẹ́bàá títì nígbàkígbà tí wọ́n bá ń gbé òkú sójà láti Afghanistan kọjá. Ẹni tó gba ti ogun náà wà níbẹ̀, ẹni tí kò gbà á náà wà níbẹ̀. Wọ́n kàn dúró ni.

Ọ̀rọ̀ míì tó yẹ ká tọ́jú ni "ajagunfẹ̀yìntì". Ọ̀gágun àgbà nìkan ni ìwé ìròyìn wa máa ń fi ṣe orúkọ oyè fún. Sájẹ́ǹtì tó fẹ̀yìn tì, tó ń ṣọ́ géètì báńkì, "bàbá sójà" lásán ni. Ṣé ẹ rántí ohun tí wọ́n ń sọ nípa Ẹ̀ṣọ́ Ìkòyí, àwọn jagunjagun Ọ̀yọ́ àtijọ́: ohun méjì ló yẹ Ẹ̀ṣọ́, Ẹ̀ṣọ́ jà ó lé ogun, Ẹ̀ṣọ́ jà ó kú sógun. Ẹni tó bọ̀ pẹ̀lú ẹsẹ̀ kan kò sí nínú rẹ̀. Òun gan-an ló ń lọ jókòó sẹ́nu ọ̀nà ilé iṣẹ́ ètò ìnáwó l'Ábùjá, bí àwọn tó fẹ̀yìn tì ti ń ṣe láwọn ọdún àìpẹ́ yìí, tó ń bèèrè owó rẹ̀. Opó ẹni tó kú sógun náà á kó jáde, torí ilé bárékè kì í ṣe ogún. Tí ìdúrótì ò bá dé ọ̀dọ̀ àwọn wọ̀nyí, báàjì tí à ń lẹ̀ máyà lóṣù kìíní nìkan ló kù.

Ẹnìkan bèèrè nípa àwọn ọdẹ àti fijilanté tó ń wọ igbó ní apá Ìfẹ́lódùn. "Ọmọ ogun" ò kó wọn mọ́ra, mo gbà. Ẹ dárúkọ wọn lọ́tọ̀.

Ẹ̀gbọ́n, ohun tí èmi máa kà nìyí: "Ẹ jẹ́ ká dúró ti àwọn sójà wa, àti àwọn tó ti fẹ̀yìn tì, àti ìdílé àwọn tó bógun lọ." Tí ọ̀gá yín bá ní dandan "àtìlẹ́yìn" ni, ẹ kà á bẹ́ẹ̀. Ẹ ṣáà bá wa yọ "ológun" kúrò.