Rìmóòtù mẹ́ta lórí tábìlì, ṣé ọ̀kan ò lè darí gbogbo wọn ni?

Bàbá_Mórẹ̀n:
Ẹ kú ìjókòó o ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbà mí kí n tó fi ìbínú la nǹkan mọ́lẹ̀. Tẹlifíṣàn mi ò tíì pẹ́, ihò HDMI, ìyẹn ihò wáyà tó ń gbé àwòrán àti ohùn, mẹ́ta ló wà lẹ́yìn ẹ̀, mo ki dẹ́kóódà sí àkọ́kọ́, ẹ̀rọ géèmù àwọn ọmọ wà ní ìkejì, ìkẹta ṣófo. Soundbar, ìyẹn ẹ̀rọ ohùn gbọọrọ tó ń bá tẹlifíṣàn sọ̀rọ̀, wá wà nílẹ̀ tí mo fi wáyà optical so mọ́ ọn. Gbogbo ẹ̀ ló ń ṣiṣẹ́, mi ò ní parọ́ mọ́ wọn. Ibi tí wàhálà wà ni pé bí mo bá fẹ́ wo ìròyìn, màá fi rìmóòtù kan tan tẹlifíṣàn, màá fi òmíì tan dẹ́kóódà, màá tún wá bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹ̀kẹta tó ń gbé ohùn soundbar sókè, ìyẹn abẹ́ tìmùtìmù àga ló sì máa ń wà, kí n tó rí i wọ́n á ti ka ìròyìn tán wọ́n á ti bọ́ sórí bọ́ọ̀lù. Mo wá rí ọ̀rẹ́ mi kan tó jẹ́ pé rìmóòtù tẹlifíṣàn nìkan ló fi ń ṣe gbogbo ẹ̀, mo bi í bó ṣe ṣe é, ó ní bẹ́ẹ̀ lòun ṣe bá a. Ṣé tèmi ò ní in ni àbí ibìkan wà tó yẹ kí n tẹ̀? Mo ti wá CEC tí gbogbo yín ń pariwo ẹ̀, èyí tó ń jẹ́ kí àwọn ẹ̀rọ máa pàṣẹ fún ara wọn lórí wáyà HDMI, nínú sẹ́tíǹgì títí ojú fi ń ta mí, mi ò rí nǹkan tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ọmọ_Oníwáyà:
Ẹ̀gbọ́n, ó ní in, orúkọ ẹ̀ ni wọ́n pa dà. HDMI-CEC ni, àmọ́ àwọn tó ń ṣe tẹlifíṣàn kì í fẹ́ pè é bẹ́ẹ̀. Samsung ń pè é ní Anynet+, LG ní SimpLink, Sony ní BRAVIA Sync, Philips ní EasyLink, Panasonic ní VIERA Link. Ọmọ kan náà ni gbogbo ẹ̀. Ẹ wọ sẹ́tíǹgì, ẹ wo ibi tí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ nípa External Devices tàbí Inputs, nígbà míì inú General ló máa sá pa mọ́ sí, ẹ máa rí ọ̀kan nínú àwọn orúkọ yẹn níbẹ̀, ẹ tàn án. Ẹ má wá dúró síbẹ̀ o, ẹ gbọ́dọ̀ wọnú sẹ́tíǹgì àwọn ẹ̀rọ yòókù náà kí ẹ tan tiwọn, torí bí tẹlifíṣàn ń pariwo títí tí èkejì ẹ̀ di etí, òfo ni. Lórí ẹ̀rọ géèmù PlayStation 5 (PS5), HDMI Device Link ni wọ́n kọ síbẹ̀.

Soundbar yín ní tiẹ̀, wáyà yẹn ló fa gbogbo ẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ ló ń gba inú optical kọjá, ohùn nìkan ló sì ń gbé, kò lè gbé àṣẹ. Bí ẹ bá wo ẹnu wáyà HDMI dáadáa ẹ máa rí àwọn irin tín-ín-tín-ín, mọ́kàndínlógún ni wọ́n, ìkẹtàlá ni àṣẹ CEC ń gbà. Ìyẹn nìkan. Ẹ wò ó lẹ́yìn tẹlifíṣàn, wọ́n á ti kọ ARC tàbí eARC, ìyẹn ọ̀nà tí ohùn tẹlifíṣàn ń gbà lọ sí soundbar, sí ẹ̀gbẹ́ ihò kan, ibẹ̀ ni kí ẹ ki soundbar sí, lẹ́yìn soundbar náà ẹ wá ihò tí wọ́n kọ HDMI OUT tàbí TV ARC sí. Bó bá jẹ́ dẹ́kóódà ló jókòó síbẹ̀ báyìí, ẹ lé e kúrò, òun lè lo èyíkéyìí.

Ìyá_Àṣàkẹ́:
Ẹ rọra o Bàbá Mórẹ̀n. Èmi tan nǹkan yìí, mo sì fọwọ́ ara mi pa á. Mò ń wo fíìmù lọ́wọ́, ó ti débi tó dùn, ọmọ mi kàn fọwọ́ kan páàdì géèmù tó wà nílẹ̀, ẹ̀rọ yẹn tan, ló bá já tẹlifíṣàn gbà mọ́ mi lọ́wọ́! Lọ́jọ́ míì mò ń gbọ́ orin, mo ní kí n pa tẹlifíṣàn kí ojú ẹ̀ má máa tàn sí mi lójú, ẹ̀rọ tó ń kọrin náà kú pẹ̀lú ẹ̀, soundbar kú, yàrá dákẹ́ wẹ́lo. Ta ló rán wọn níṣẹ́? Ó tẹ́ mi lọ́rùn kí n ní rìmóòtù mẹ́ta.

Tẹ̀ẹ́_Kóyé:
Ìyá Àṣàkẹ́ má bínú, àpapọ̀ lẹ pa á, ẹ̀ bá pa èyí tó ń yọ yín lẹ́nu nìkan. Pé ẹ̀rọ tó bá tan máa gba ojú tẹlifíṣàn, ọ̀tọ̀ ni ìyẹn, pé bí tẹlifíṣàn bá kú kí wọ́n kú tẹ̀ lé e, ọ̀tọ̀ nìyẹn náà. PS5 pín wọn sọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ẹ pa One-Touch Play, géèmù ò ní já a gbà mọ́ yín lọ́wọ́ mọ́. Ọ̀pọ̀ tẹlifíṣàn náà ní irú ẹ̀, Auto Power Sync tàbí nǹkan tó jọ ọ́.

Èmi fẹ́ fi díẹ̀ kún ti Ọmọ Oníwáyà. Ọdún 2009 ni ARC dé pẹ̀lú HDMI 1.4, eARC tẹ̀ lé HDMI 2.1 ní 2017, torí náà soundbar tó bá ti dàgbà gan-an lè má ní ìkankan, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò kí ẹ tó lọ ra wáyà. Bí ẹ bá wá so ó tán tí wọn ò dá ara wọn mọ̀, nọ́ńbà ló dàrú mọ́ wọn lọ́wọ́. Gbogbo ẹ̀rọ tó wà lórí wáyà yẹn ló ní nọ́ńbà tó ń jẹ́, tẹlifíṣàn ni 0, ẹ̀rọ ohùn ni 5, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ, bí ẹ bá ń ṣí wọn láti ihò kan sí òmíì wọ́n lè máa di ti àtijọ́ mú. Ẹ yọ gbogbo wọn kúrò nínú iná, kì í ṣe pé kí ẹ fi rìmóòtù pa wọ́n o, ẹ yọ ọ́ lára ògiri, kí ẹ fi wọ́n sílẹ̀ bí ìṣẹ́jú mélòó kan, tẹlifíṣàn ni kí ẹ kọ́kọ́ tàn pa dà. Ẹ ò ní gbà mí gbọ́ àfi tí ẹ bá ṣe é.

Ẹni tó bá ní kọ̀ǹpútà lẹ́yìn tẹlifíṣàn kó má retí pé á dá a lóhùn, ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà ò ní CEC rárá.

Bàbá_Mórẹ̀n:
Mo ti dé pa dà o. Àbúrò mi Oníwáyà, o ṣé gan-an. Ihò kẹta tó ṣófo yẹn gan-an ni wọ́n kọ ARC sí, ó ti wà níbẹ̀ látọjọ́ yìí tó ń wò mí! Mo kọ́kọ́ fi wáyà HDMI àtijọ́ kan tí mo bá nínú dúrọ́ọ̀ so ó, kò dáhùn, mo yọ iná mo dúró bí Tẹ̀ẹ́ Kóyé ṣe wí, kò dáhùn. Mo wá yọ èyí tó wà lẹ́yìn géèmù mo fi pààrọ̀ ẹ̀, kíá ló dáhùn. Tẹlifíṣàn fúnra ẹ̀ ló ṣì ń sọ̀rọ̀ lákọ̀ọ́kọ́, àfìgbà tí mo lọ sí Sound Output tí mo sọ fún un pé HDMI ARC ni. Báyìí mò ń fi rìmóòtù tẹlifíṣàn gbé ohùn sókè sódò.

Dẹ́kóódà ló ku. Mo wá inú sẹ́tíǹgì ẹ̀ látòkè délẹ̀, kò sí nǹkan tó jọ ọ́.

Ọmọ_Oníwáyà:
Wáyà àtijọ́ yẹn, ẹ sọ ọ́ nù. Àwọn olówó pọ́ọ́kú kan wà tí wọn ò so irin ìkẹtàlá yẹn pọ̀ nínú, àwòrán á jáde, ohùn á jáde, àṣẹ ò ní kọjá, èèyàn á wá máa bú tẹlifíṣàn.

Dẹ́kóódà tí ò bá ní CEC, ẹ̀yìn ni kí ẹ gbà wọlé sí i. Ẹ wo rìmóòtù dẹ́kóódà fúnra ẹ̀ bóyá bọ́tìnnì TV wà lórí ẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn ṣeé kọ́ kí wọ́n máa tan tẹlifíṣàn, ìmọ́lẹ̀ infrared ni wọ́n ń lò, kò nílò wáyà kankan. Ìwé tó bá a wá á ní kóòdù tẹlifíṣàn yín nínú. Bó bá dà bíi pé kò ṣiṣẹ́, ẹ kọ ojú ẹ̀ sí kámẹ́rà fóònù kí ẹ tẹ bọ́tìnnì, ẹ máa rí iná elésè àlùkò tó ń ṣẹ́jú, ojú lásán ò lè rí i. Kámẹ́rà ẹ̀yìn fóònù míì máa ń sé e, ẹ lo ti iwájú.

Bàbá_Mórẹ̀n:
Ó ti gba kóòdù, ẹ̀ẹ̀kẹta ló gbà. Rìmóòtù dẹ́kóódà ń tan méjèèjì, soundbar ń bá tẹlifíṣàn jí. Tiẹ̀ ti wà lábẹ́ tìmùtìmù láti àárọ̀, mi ò wá a.